Ọwọ́, Ojú àti Etí: Ọ̀rọ̀ lórí Iṣẹ́ Ọnà nínú Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìjọ wa ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé kí n sọ bí a ti lè fi iṣẹ́ ọnà àti orin mú ẹ̀kọ́ ilé ìwé dọ́gba. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n pè láti wá gbèjà iṣẹ́ ọnà ni ẹni tí ó ti fi kálámù ara rẹ̀ pa á rẹ́ nígbà kan rí. Èmi yóò ròyìn èyí fún yín nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ìlú tí a jókòó sí yìí. Àwọn àgbà sọ fún wa pé ìlọ-irin ni Ìlọrin, òkúta tí àwọn ará ìgbàanì ń lọ irin wọn lé lórí, a sì ń fi òkúta náà han àlejò títí di òní. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé láti ara ohun èlò oníṣẹ́ ọwọ́ ni ìlú wa ti gba orúkọ. Kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tí ó bá gba Òkèlele tàbí Dáda kọjá mọ̀ bí àwọn ìyá wa ti ń fi amọ̀ lásán mọ ìkòkò tí ó rí róbótó bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. Àwọn ahunṣọ ń bẹ nídìí òfì wọn. Ní ayé àwọn baba ńlá wa, àwọn kan ń bẹ pẹ̀lú tí wọ́n ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà, láti ara òkúta pupa tí a gbé ti òkè Ọya wá. Wọn a lu ú ní ihò, wọn a sì lọ̀ ọ́ títí yóò fi dán bí ojú omi. Iṣẹ́ náà ti rọ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a wà níhìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn ọba ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire kò ní gbàgbé ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn ti wá.

Ẹ wo àwọn ọmọ aládùúgbò wa tí wọ́n ń lọ sí ilé kéú. Ọmọ gbé wàláà lé itan, ó ti gége bọ inú tàdáà, ó sì ń fi sùúrù kọ lẹ́tà tí ó lẹ́wà. Bí ó ti ń kọ ọ́ tán, ó ń ké e lóhùn orin. Ọwọ́, ojú, etí àti ahọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Èmi kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá ń kọjá lọ ní òwúrọ̀, tí mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, n kì í lè ṣàìbi ara mi léèrè pé ta ni ó kọ́ àwa tí a fi ń rò pé etí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe nínú ẹ̀kọ́ ju kí a fà á lọ.

Báwo wá ni ó ti ṣe tí ọmọ tí ó jáde láti àárín irú ìlú bẹ́ẹ̀ yóò lo ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ wa, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ iṣẹ́ mìíràn ju kálámù dídì mú lọ? Èmi kò fẹ́ di ẹ̀bi ru àwọn baba wa nínú iṣẹ́ ìhìnrere ju bí ó ti yẹ lọ. Wọ́n fẹ́ kí olúkúlùkù lè ka Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀, ohun rere sì ni. Ìjọba fẹ́ akọ̀wé. Àwọn oníṣòwò fẹ́ ẹni tí yóò ka iye ẹrù tí ó wà nínú ilé ìkẹ́rù. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ti 1887 sì dé ní Èkó, ó so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe sí lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ rí mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Bí owó bá ń tẹ̀lé ìdánwò, ohun tí a kò dán wò ni yóò kọ́kọ́ jáde kúrò nínú yàrá.

Àwọn kan rí i pé kò dára bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes ti Amẹ́ríkà rin ìrìn àjò káàkiri apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1920 àti 1921; nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1922 wọ́n sọ pé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ kò bá ìgbésí ayé wọn mu tó. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàápàá gbé ìwé kan jáde ní 1925, pé kí ẹ̀kọ́ bá ìwà, iṣẹ́ àti àṣà àwọn ènìyàn mu. Ọ̀rọ̀ náà dára lórí ìwé. Àwọn tí ó gbé e kúrò lórí ìwé kò pọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ nítòsí wa níhìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni J. D. Clarke, òṣìṣẹ́ ẹ̀kọ́ ti ìjọba, wà ní Òmù-Àrán ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1930, ó sì kọ ìwé kan nípa ohun tí ó dán wò níbẹ̀, èyí tí a tẹ̀ ní 1937. Ohun tí ó ń wá ni ilé ẹ̀kọ́ tí kì yóò já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìlú rẹ̀. Ọkùnrin kan náà yìí ni ó kọ̀wé ní 1938 nípa aṣọ híhun ní Ìlọrin àti nípa ìlẹ̀kẹ̀ òkúta wa. Ènìyàn kò sì lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó jókòó ti oníṣẹ́, kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mélòó nínú àwa alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ni ó ti jókòó ti ahunṣọ fún wákàtí kan rí, bí kò ṣe pé a fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó?

Mo gbọdọ̀ fi Ẹ̀sìẹ́ kún un. Àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ ti mọ àwọn ère òkúta wọn láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn àgbà wọn sì ń sọ ìtàn àwọn àlejò tí ó di òkúta. Ṣùgbọ́n ní 1933 ni Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, òyìnbó C.M.S. tí ń bojú tó ilé ẹ̀kọ́, jẹ́ kí àwọn ará òde gbọ́ ìròyìn wọn. Ní 1945 a kọ́ ilé fún wọn, òun sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Mo kó ẹgbẹ́ ọmọ kan lọ síbẹ̀ nígbà kan. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró níwájú ère obìnrin tí ó jókòó, ó wo irun orí rẹ̀ àti ilà ojú rẹ̀ pẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi ó ní, “Bàbá Àlùfáà, ṣé àwọn tí ó gbẹ́ èyí lọ sí ilé ìwé?” Mo dá a lóhùn pé wọn kò lọ. Ó tún ní, “Ta ni ó wá kọ́ wọn, ẹ jọ̀wọ́?” Mo sọ fún un pé àwọn baba wọn ni. Ó mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ìdáhùn mi kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò sì tẹ́ èmi náà.

Ní ìhà gúúsù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan, Ọ̀gbẹ́ni Àìná Onabolu, tí a bí ní 1882, ti kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán yíyà kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé ènìyàn dúdú lè yà á. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó padà dé ní 1922, ó sì ń ti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lọ sí òmíràn ní Èkó, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, ó bẹ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ sí i, wọ́n sì rán Ọ̀gbẹ́ni Kenneth Murray wá ní 1927. Àwọn méjèèjì kò rí i bákan náà. Onabolu fẹ́ kí ọmọ mọ bí a ti ń ya ojú ènìyàn tí yóò fi jọ ọ́, bí ọ̀nà ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí ó ti ń jìnnà, kí òyìnbó má baà lè sọ pé iṣẹ́ náà ju agbára wa lọ. Murray ní kí ọmọ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọnà àwọn baba rẹ̀. Ó ya mí lẹ́nu pé òyìnbó ni ó ń gbèjà ti ìbílẹ̀, tí Ìjẹ̀bú sì ń gbèjà ti òkèèrè! Ní èrò tèmi, ọmọ tí ó ní olùkọ́ méjèèjì ni ó jẹ̀gbádùn. Àwọn tiwa kò ní ẹyọ kan.

Nísinsin yìí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé kan àwa onígbàgbọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú yín ń bẹ tí kì í ṣe owó tàbí ìdánwò ni ó ń dí yín lọ́nà, bí kò ṣe ẹ̀rù. A ti gbọ́ láti ìgbà èwe wa pé ère ni ère. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Ọ̀yẹ́-Èkìtì fún yín.

Ní 1947, Fadá Kevin Carroll, àlùfáà Àgùdà kan, bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́, èyí tí ó wà títí di 1954. Kò kó àwòrán òkèèrè kalẹ̀ pé kí àwọn oníṣẹ́ máa wò ó ṣe. Ó wá àwọn tí ó mọ iṣẹ́ lọ. Bàbá kan ń bẹ ní Ọ̀sì tí a ń pè ní Areogun. Ọ̀sì yìí ni Ọ̀sì-Ìlọrin, tí ó wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara wa. Ọba agbẹ́gilére ni bàbá náà, ó ti darúgbó nígbà náà, ó sì kú ní 1954. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ni ó wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́, abẹ́ Bándélé ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ìlá Ọ̀ràngún sì ti kọ́ṣẹ́ sí i, ẹni tí ìdílé tirẹ̀ náà jẹ́ ìdílé agbẹ́gilére. Orúkọ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: Lámídì, nínú ilé Fákẹ́yẹ, ní ibi iṣẹ́ àwọn Fadá. Mùsùlùmí ni, orúkọ ilé rẹ̀ ń jẹ́rìí sí Ifá, ó sì ń gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìsìn Kristi. Láti Ọ̀yẹ́ ni àwọn ọba mẹ́ta tí ó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ ti jáde ní ìrísí ọba Yorùbá, pẹ̀lú adé lórí. Lámídì tẹ̀ síwájú títí ó fi ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà nínú gbọ̀ngàn ńlá wọn. Ó kú ní 2009. Èmi kò gbọ́ pé Ìsìláàmù rẹ̀ dínkù nítorí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí pé ìgbàgbọ́ àwọn tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé dínkù nítorí ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ.

Bí ẹ̀rù bá sì tún ń ba ẹnikẹ́ni, kí ó padà sí ìwé Ẹ́ksódù, kí ó wo ẹni tí Olúwa dárúkọ fún Mósè pé òun ti fi ẹ̀mí òun kún. Kì í ṣe wòlíì, kì í ṣe ọba. Bésálẹ́lì ni, oníṣẹ́ wúrà, oníṣẹ́ òkúta, agbẹ́gi. A ń ka orí ìwé náà ní gbogbo ọdún, a sì ń yára kọjá lórí rẹ̀ nítorí pé ìwọ̀n àti ìgbọ̀nwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti orin, ẹ̀bi wa tún le ju èyí lọ, nítorí pé a ń kọrin lójoojúmọ́, a sì ń kọ ọ́ sódì. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sórí pátákó fún àwọn ọmọ yín: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹni tí ó gbé ìyàwó ni ti àkọ́kọ́. Ohun tí a fi ń ro oko ni èkejì. Ohun tí ń gbé wa lọ sí Èkó ni ẹ̀kẹta. Ohun ìjà ni ẹ̀kẹrin. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ni ó yà wọ́n. Bí ó ti rí ni èyí, nígbà tí a mú ohùn orin tí a ṣe fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i nínú, ohùn a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ gbé ń sọ̀kalẹ̀. Ìjọ a fi gbogbo ọkàn kọrin sí Ọlọ́run, ẹni tí ó bá sì ń kọjá lójú títì a dúró pé kí ni wọ́n ń wí. Àwọn àgbà nínú ìjọ wa ti rí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí ó kú ní 1930, ṣe orin tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọ̀gbẹ́ni T. K. E. Phillips, tí ó pẹ́ nídìí dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, tẹ ìwé jáde nípa orin Yorùbá ní 1953. Ọmọ tí a bá kọ́ ní orin dáadáa, èdè ni a ń kọ́ ọ pẹ̀lú. Òun ni yóò mọ ibi tí àmì ohùn wà láìjẹ́ pé a nà án.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni kan mú ìlù wọ inú ilé ìsìn, kí ni a ṣe? Dúró Ládípọ̀ jẹ́ olùkọ́ ilé ìwé, ọmọ ilé ìjọ sì ni pẹ̀lú. Ní àkókò Àjíǹde 1961, ó gbé orin Àjíǹde tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó fi ìlù dùndún sí i, ariwo sì ta nínú ìjọ pé ìlù abọ̀rìṣà ti wọ ilé Ọlọ́run. Ó gbé ìlù rẹ̀, ó bá ti rẹ̀ lọ. Ní ọdún kejì ó dá Mbari Mbayo sílẹ̀, ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So, gbogbo ayé sì pé wò ó, títí dé Jámánì. Ìjọ tiwa ni ìjọ náà, ẹ̀yin ará. Lónìí dùndún wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo ọjọ́ ìdúpẹ́, kò sì sí ẹni tí ó rántí láti tọrọ àforíjì. Ládípọ̀ kú ní 1978.

Ẹ̀yin yóò sọ pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ti kọjá, pé ìjọba ti fi Ẹ̀kọ́ Àṣà àti Iṣẹ́ Ọnà sínú ìlànà ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí a bẹ̀rẹ̀ sí lò ní 2008, ó wà níbẹ̀: àwòrán, orin, ijó, eré orí ìtàgé àti àṣà, gbogbo wọn nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo bí a ti ń kọ́ ọ. Mo wọ yàrá kan lọ́jọ́ kan, mo bá olùkọ́ tí ó ń kọ ọ̀nà tí a ń gbà mọ ìkòkò sórí pátákó, láti ìkíní títí dé ìkeje, àwọn ọmọ sì ń dà á kọ sínú ìwé. Kò sí amọ̀ nínú yàrá náà àfi èyí tí ó wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ọmọ, nítorí òjò rọ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ ìdánwò, ọmọ yóò kọ ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ìkòkò, yóò sì gba máàkì ọgọ́rin. Èmi kò bínú sí olùkọ́ náà. Ẹnikẹ́ni kò fi amọ̀ sí òun lọ́wọ́ rí. Ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ń bẹ níwájú, kò sì bèèrè ìkòkò lọ́wọ́ ọmọ kankan.

Mo ti ṣèlérí ìjẹ́wọ́ kan fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn òbí wá bá wa. Ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò ọdún tí ó kọjá kò tó nǹkan. Wọ́n ní kí a fi kún wákàtí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbé ìwé tí a fi pín wákàtí wá síwájú mi. Kò sí ibi tí a lè gbà fi kún un, àfi kí a mú nínú nǹkan mìíràn. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Mo rí àwòrán yíyà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, orin ní Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Mo fa ìlà pupa lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí, mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, a sì fi àdúrà parí ìpàdé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún nígbà náà. Ahunṣọ ni baba rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ kún fún àwòrán, wọ́n sì ti nà án nítorí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé òmùgọ̀ ni nínú ìṣirò, pé kò mọ bí a ti ń pín. Iṣẹ́ ọwọ́ ọjọ́ Ẹtì nìkan ni ibi tí wọ́n gbé ń yìn ín. Nígbà tí a mú ọjọ́ Ẹtì kúrò, ó kọ́kọ́ dẹ́kun wíwá ní ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà ó dẹ́kun wíwá ní àwọn ọjọ́ yòókù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí n tó mọ̀. Mo lọ sí ilé wọn, mo bá a nídìí òfì baba rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi, ó padà sídìí iṣẹ́. Kí n má baà dákẹ́, mo bi í pé òwú mélòó ni ó wà níbú aṣọ náà. Ó ní ọgọ́fà ni, Sà. Mo bi í bí ó ti to àwọ̀ wọn. Ó ní dúdú mẹ́jọ, pupa méjì, títí yóò fi parí. Mo bi í pé pupa mélòó ni yóò lò lápapọ̀. Kò gbé ojú sókè; ó ní, “Mẹ́rìnlélógún, Sà. Dúdú jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.” Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi kálámù ṣe é kí ẹ wò ó. Ọmọ tí a ní kò mọ bí a ti ń pín ni ó ti fi ọgọ́fà pín sí ìdáwàá-dáwàá, tí ó sì ti sọ ọ́ di púpọ̀ padà, bí ẹni tí ń sọ orúkọ ara rẹ̀. Mo bẹ baba rẹ̀ kí ó jẹ́ kí ó padà wá. Baba náà fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, “Alàgbà, ẹ̀yin ni ẹ ní kò mọ̀wé.” Ọmọ náà kò padà wá.

Èyí ni ohun tí mo ní lọ́kàn nígbà tí mo bá ń sọ pé ẹ̀kọ́ kò dọ́gba. Èmi kò sọ pé kí a gba ìṣirò lọ́wọ́ àwọn ọmọ kí a fún wọn ní ìlù. Ìṣirò wà nínú òfì, bí ó ti wà lórí pátákó. Ọmọ kan yóò gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé, ọmọ mìíràn yóò gba ti ọ̀hún. Ahunṣọ tí ó ṣì òwú kan kà yóò rí àṣìṣe rẹ̀ títí dé òpin aṣọ, kò sí olùkọ́ tí yóò fi ìlà pupa sí i fún un. Amọ̀kòkò tí kò ní sùúrù láti jẹ́ kí ìkòkò gbẹ kí ó tó fi iná sí i yóò gbọ́ ìró rẹ̀ nínú iná. Ẹni tí ń kọrin pẹ̀lú ogójì ènìyàn gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ogójì ènìyàn. Ìwé kò lè fi àwọn nǹkan wọ̀nyí kọ́ni nípa dídàkọ.

A ti dá wákàtí náà padà ní ilé ẹ̀kọ́ náà, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Orin wà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àti àwòrán jọ wà ní wákàtí méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, nítorí pé ogójì ìṣẹ́jú kò tó láti po amọ̀ kí a sì fọ ọwọ́. Ìyá kan tí ń mọ ìkòkò ni ó ń wá kọ́ wọn. Kò mọ̀wé, kò sì ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí a kọ́kọ́ mú un wá, díẹ̀ nínú àwọn olùkọ́ bèèrè pé ìpele wo ni a ó fi í sí, mo sì sọ pé kí wọ́n fi í sí ìpele ìyá wọn. Ó ń fi ìkòkò àtijọ́ tí a dojú rẹ̀ dé kọ́ wọn bí a ti ń tẹ́ amọ̀ lé e lẹ́yìn, àti bí a ti ń fi amọ̀ tí a yí gbọọrọ mọ ọrùn rẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀ láti sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ń mọ ọ́n. Ó ní ojú ni wọn yóò fi gbọ́. Olùkọ́ ìṣirò kíláàsì kẹfà ti bẹ̀rẹ̀ sí fi okùn wọn yíká ẹnu ìkòkò àti ìbú rẹ̀, èmi kọ́ ni mo sọ fún un.

Mo mọ̀ ohun tí alága fẹ́ kí n sọ nípa ìnáwó. Owó ọkọ̀ ìyá náà àti ohun díẹ̀ tí a ń fún un ń ti àpótí ọrẹ ìjọ wá. Amọ̀ kò gbówó lórí, igi ìdáná ni ó ń náni lówó. Òbí mẹ́ta mú ọmọ wọn kúrò, wọ́n ní àwọn kò san owó ilé ìwé kí ọmọ wọn lọ máa fi amọ̀ ra ara. Mo lọ bá wọn nílé. Ẹnì kan ti dá ọmọ rẹ̀ padà. Èmi kò sì lè sọ fún yín lónìí pé èsì ìdánwò wa ti dára jù ti àtẹ̀yìnwá lọ: ó rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀, kò lọ sókè, kò sì lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ti gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ara yín rò ó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Bí olùkọ́ tí ó gbọ́ orin tónìkì-sólífà bá wà láàárín yín tí ó lè yọ̀ǹda ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ó rí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ahunṣọ tí yóò gbà láti gbé òfì kékeré kan wá sí ọgbà ilé ẹ̀kọ́, kí ó rí mi pẹ̀lú. Mo ti bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì dá mi lóhùn. Àwọn ìkòkò tí àwọn ọmọ mọ wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ mú wọn, nítorí méjì nínú wọn ti sán nínú iná, àwọn tí ó mọ wọ́n kò sì gbà kí a kó wọn dànù.